Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti Ìbò Tí Ó Wà Lọ́wọ́ Wa

 

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti re ibi àgbà ń rè, ọ̀pọ̀ rò pé ọmọ etíkun bíi tiwa ni n óò mú. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mo mú, obìnrin sì ni. Ìdí méjì ni mo fi mú un. Èkíní, ẹgbẹ́ kékeré bíi tiwa yìí, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ tó ń pàdé láti dá ara wọn lára yá àti láti kọ́ ara wọn lẹ́kọ̀ọ́, ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó yí ìlú padà. Èkejì, ohun tó jà fún wà nílé wa lónìí. Ó wà lábẹ́ àpótí, ó wà láàárín ojú ìwé Bíbélì, ó wà lórí àjà níbi tí èéfín ẹja ti ń kùn ún. Káàdì ìdìbò ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò rántí ibi tí a fi í sí mọ́.

ÌBÍ ÀTI Ẹ̀KỌ́ RẸ̀

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá ọdún 1900 ni wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ ní Abẹ́òkúta. Bàbá rẹ̀ ni Daniel Olúméyùwá Thomas, àgbẹ̀ tó tún ń ṣòwò. Ìyá rẹ̀ ni Lucretia Phyllis Ọmọ́yẹni Adéòṣọlù, tó ń ránṣọ. Nínú ìran bàbá rẹ̀ ni a ti rí Sarah Táíwò, obìnrin tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tó gba Sàró padà wá sílé. Nítorí náà, láti kékeré ni ọmọ yìí ti mọ̀ pé òmìnira kì í ṣe ohun tí a bá lójú ọ̀nà. Ẹnìkan ti sunkún rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni.

Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni Frances Abigail. Ọmọkùnrin nìkan ni ilé ìwé girama Abẹ́òkúta ń gbà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1914, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ọmọbìnrin, Fúnmiláyọ̀ sì ni wọ́n kà sí ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọlé síbẹ̀. Ní ọdún 1919 ó wọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Wincham Hall ní Cheshire.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 1918, ọdún kan ṣáájú kí ó tó gúnlẹ̀, ni àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀tọ́ láti dìbò fún àwọn aṣòfin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti fi ń ja ìjà náà tí wọ́n sì ń lọ sẹ́wọ̀n nítorí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti pé ọgbọ̀n ọdún tó sì ní ohun ìní tí òfin là sílẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ọdún 1928 ni wọ́n tó wá mú obìnrin dọ́gba pẹ̀lú ọkùnrin. Orílẹ̀-èdè New Zealand ti ṣe é ní ọdún 1893. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó ń jọba lé wa lórí, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀làjú ni àwọn gbé wá, àwọn obìnrin tiwọn gan-an kò tíì jáde tán kúrò nínú ìjà yìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ni ó ti kọ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, tó ní Fúnmiláyọ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ó padà dé ní ọdún 1922, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé girama ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà náà. Ní ọdún 1932 ni wọ́n padà sí Abẹ́òkúta, tí ọkọ rẹ̀ sì di ọ̀gá ilé ìwé tí ìyàwó ti jáde. Ọkọ yìí náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà tí a mọ̀ sí NUT, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1931. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí: Dolupo, Olíkóyè tó di ọ̀jọ̀gbọ́n àti mínísítà ètò ìlera, Fẹlá olórin, àti Bẹ́kọ̀ dókítà tó jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹni tó bá mọ àwọn ọmọ yóò ti mọ irú igi tí wọ́n já lára rẹ̀.

ẸGBẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀ BÍI TIWA

Ní Abẹ́òkúta, Fúnmiláyọ̀ kó àwọn obìnrin tó kàwé jọ, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ìyàwó àlùfáà, olùkọ́ àti irú wọn ni wọ́n. Wọ́n ń pàdé, wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ àti oúnjẹ sísè, wọ́n ń ṣe àríyá níwọ̀ntúnwọ̀nsì. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí ó bá mọ sí ibẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni kì bá má rántí ẹgbẹ́ náà lónìí.

Ní ọdún 1944, obìnrin ọlọ́jà kan tí kò mọ̀wé fẹ́ kí wọ́n kọ́ òun ní ìwé kíkà. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ṣí ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń kọ́ A, B, D. Ẹni tó bá jókòó kọ́ ènìyàn níwèé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Báyìí ni àwọn obìnrin tó kàwé ṣe gbọ́ pé wọ́n ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà nítorí òfin iye owó ọjà tí ogun Hitler mú wá. Ẹgbẹ́ náà wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó bá àwọn aláṣẹ sọ ọ́, wọn kò dá a lóhùn. Ó gbé e fún ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, gbígba ìrẹsì dáwọ́ dúró.

Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ ti rí i pé agbára wà lọ́wọ́ òun, ó sì rí i pé agbára náà kò sí ní yàrá àlejò. Ó wà ní ọjà. Ní ọdún 1946, wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo obìnrin, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀. Fúnmiláyọ̀ bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ń ró ìró, ó ń wọ bùbá, ó ń wé gèlè, kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ má baà rò pé ẹlòmíràn ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Yorùbá ni ó ń sọ ní ìpàdé. Kódà bí òyìnbó aláṣẹ bá wà níbẹ̀, Yorùbá náà ni yóò sọ, kí òyìnbó wá ògbufọ̀. Kì í ṣe pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o. Ó fẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́ ọ.

OWÓ ORÍ LÁÌSÍ OHÙN

Ohun tó ń dun àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jù lọ ni owó orí. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ wọn. Owó orí obìnrin dá dúró, kò sí lára ti ọkọ. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti wọ ìwé, ṣáájú kí ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin ṣàlàyé pé àwọn agbowó orí a máa wọlé tọ àwọn, wọn a sì máa tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tó ń san owó orí. Ẹ ro ìtìjú náà wò fún ọmọ tí a bí.

Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí obìnrin kan ṣoṣo nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná owó náà. Lábẹ́ ètò tí ìjọba òyìnbó gbé kalẹ̀, agbára wà lọ́wọ́ ọba nìkan, òyìnbó sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Aláké nígbà náà ni Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì. Àwọn obìnrin kọ ìwé, wọ́n rán aṣojú, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Wọn kò rí ìdáhùn tó nítumọ̀. Fúnmiláyọ̀ kọ̀, kò san owó orí tirẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Ọdún 1947 ni ọ̀rọ̀ náà gbóná jù. Ọdún yìí kan náà ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó létí òkun wa níhìn-ín, nítorí náà àwọn àgbà wa tí wọ́n mọ ìgbà náà mọ̀ pé ọdún tí ọ̀pọ̀ ènìyàn pinnu láti gbé ìgbé ayé ọ̀tọ̀ ni. Ní ọdún náà, Fúnmiláyọ̀ bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti tako ìwé òfin Richards. Òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Níbẹ̀ ni ó ti kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé ìṣàkóso òyìnbó ti sọ ipò obìnrin ilẹ̀ wa di ẹ̀yìn ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú nílé.

Ní alẹ́ ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá jókòó sí iwájú ààfin. Wọ́n kọrin mọ́jú. Wọ́n kò gbé idà, wọn kò gbé àdá. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n tún padà wá. Bí ìjọba bá kọ̀ láti fún wọn láṣẹ ìwọ́de, wọ́n a ní àwọn ń lọ ṣe fàájì ni, wọn a sì jáde lọ́gọ̀ọ̀rọ̀. Fúnmiláyọ̀ kọ́ wọn bí ènìyàn ṣe ń ṣe bí ọlọ́pàá bá yin tajútajú. Àwọn ọjà ń ti, àwọn ìyàwó kò sí nílé, àwọn ọkọ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àwàdà.

Ní ọdún 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró. Ní oṣù keje ọdún náà, Aláké kúrò ní ìlú lọ sí Òṣogbo, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1949. Ní ìparí ọdún 1950 ni wọ́n dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò padà sí bó ti wà. Obìnrin mẹ́rin ti wọ ìgbìmọ̀ tuntun tó ń ṣàkóso Ẹ̀gbá. Fúnmiláyọ̀ wà lára wọn.

ÌJÀ ÌBÒ

Ẹlòmíràn yóò sọ pé ó tó. Lójú Fúnmiláyọ̀, kò tó. Àyè mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀ ìlú kan kò tó fún gbogbo obìnrin Nàìjíríà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ìbò ṣe wà. Ní ọdún 1922, nígbà tí ìwé òfin Clifford kọ́kọ́ fún àwọn ará Èkó àti Calabar láyè láti dìbò yan aṣòfin mẹ́rin péré, ọkùnrin nìkan ni, ọkùnrin náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Obìnrin kò sí níbẹ̀, tálákà kò sí níbẹ̀, àwa ará etíkun kò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí ìdìbò ọdún 1951 dé, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn so ìbò mọ́ owó orí: ẹni tó bá san ni yóò dìbò. Ẹ wo ìyà náà! Àwọn obìnrin tó jìyà kí wọ́n tó bọ́ lọ́wọ́ owó orí ni wọ́n wá ń sọ fún pé nítorí pé wọn kò san án, wọn kò ní ohùn. Títí di ìdìbò ọdún 1954 ni òfin náà fi dúró bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí Ìlà-Oòrùn ti gba gbogbo àgbàlagbà láyè, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìwọ̀-Oòrùn yìí náà ni àwa wà nígbà náà, lábẹ́ Òkìtìpupa. Ohun tó de ìyá Ẹ̀gbá de ìyá Ìlàjẹ tó ń yan ẹja ní Ùgbò àti Màhín.

Nítorí èyí ni Fúnmiláyọ̀ ṣe fẹ ẹgbẹ́ náà kọjá Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1949 ó di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1953, ó pe àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn sí Abẹ́òkúta, àwọn aṣojú bí irinwó sì jẹ́ ìpè náà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí gbogbo obìnrin àgbà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, kí wọ́n sì ya àyè sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú àwọn ilé ìgbìmọ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló jà o. Margaret Ekpo wà ní Ìlà-Oòrùn, Gambo Sàwábà wà ní Àríwá tí wọ́n ń gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n léraléra. Àwọn obìnrin Ìlà-Oòrùn ti jáde ní ọdún 1929, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí i. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Nígbà tí ó fi di ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1959, obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn, ti Ìlà-Oòrùn àti ti Èkó lè dìbò láìsí pé wọ́n ń béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ wọn. Obìnrin Àríwá kò tíì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 ni òfin tó fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ dáadáa. Obìnrin yìí tó jà tó bẹ́ẹ̀ fún ìbò, nígbà tó di pé òun fúnra rẹ̀ jáde kí wọ́n dìbò yan òun, kò wọlé. Ní ọdún 1951 ó gbìyànjú láti wọ ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, kò wọlé. Ní ọdún 1959 ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò fà á kalẹ̀; ó dá jáde láìsí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò wọlé. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, kò lọ jìnnà. Bí ẹnìkan bá ní ìdí láti sọ pé ìbò kò wúlò, òun ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé ohun tí òun jà fún kì í ṣe kí òun borí. Kí ìyá aláta àti ìyá ẹlẹ́ja ní ọ̀rọ̀ láti sọ ni, bí wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà yan ẹlòmíràn.

ÒPIN ÌRÌN ÀJÒ RẸ̀

Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1955. Ọkọ tó dúró tì í ni, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré ní ayé ìgbà náà. Ó rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ Ṣáínà àti ọ̀pọ̀ ibòmíràn láti pàdé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nítorí ìrìn àjò yìí, ní ọdún 1957 ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọ́n ní àwọn kọ́múníìsì ni ó ń bá rìn. Síbẹ̀, nígbà tó yá, ìjọba fún un ní oyè MON ní ọdún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ọlọ́lá ní ọdún 1968, ó sì gba ẹ̀bùn àlàáfíà Lenin ní ọdún 1970.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé Fẹlá ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ìyá ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wọ́n jù ú láti ojú fèrèsé òkè. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978, ó dágbére fún ayé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín ní Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà ti ìsọ̀ wọn. Wọ́n mọ ẹni tó lọ.

Ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1979, ni ìdìbò gbogbogbòò àkọ́kọ́ tí obìnrin láti òkun títí dé aṣálẹ̀ lè jáde dìbò papọ̀. Ìyá kò rí i. Ẹni tó gbin àgbọn kì í sábà jẹ nínú rẹ̀. Àwa tí a dé lẹ́yìn ni a ń mu omi rẹ̀.

ÀWA ŃKỌ́?

Mo ti sọ ìtàn. Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tiwa. Ẹgbẹ́ wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, n kò sì ní sọ ẹni tí ẹnikẹ́ni yóò dìbò fún. Ọ̀rọ̀ pé kí a dìbò ni mo ń sọ.

Mo mọ ohun tí àwa ará odò máa ń wí. Ibùdó ìdìbò jìnnà. Epo ọkọ̀ wọ́n. Omi ru lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kó ìwé ìdìbò wá kò tètè dé. Àwọ̀n wà nínú omi, ẹja kì í dúró de ìdìbò. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò gbé orí omi rí kò lè mọ̀ pé láti ilé kan sí èkejì, ọkọ̀ ni ènìyàn yóò wọ̀. Ẹlòmíràn tún wà tí òkun ti gba ilé rẹ̀, tí ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ ti wà lábẹ́ omi báyìí. N kò lè fi ojú kéré ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìdí tí òkun fi ń gba ilẹ̀ wa láìsí ẹni tó dáhùn kò jìnnà sí ìdí tí ìrẹsì fi ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta. Ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dé ibi tí wọ́n ti ń pín nǹkan, ẹ̀yìn ni yóò máa wà. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógójì nínú wọn jẹ́ obìnrin. Àwọn tó jáde wá dìbò kò pé ìdá mẹ́ta. Nínú àwọn sẹ́nétọ̀ 109 tó wọlé ní ọdún náà, obìnrin kò pé márùn-ún. Aadọ́rin ọdún lẹ́yìn ìpàdé Abẹ́òkúta nìyẹn.

Ohun kejì tó ń bà wá jẹ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní dìbò kóo sebẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Owó tí wọ́n ń fi sí wa lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìbò kì í tó owó àwọ̀n kan. Ọbẹ̀ náà tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ọdún mẹ́rin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Àwọn ìyá tó jókòó mọ́jú níwájú ààfin ní 1947 kò ní owó, ebi sì ń pa àwọn ọmọ tiwọn náà. Ohun tí wọ́n fi òtútù ra, kò yẹ kí a tà á ní owó ọbẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé ìbò wa kì í kà, pé wọ́n ti mọ ẹni tí yóò wọlé. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú Fúnmiláyọ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀mejì tí kò wọlé. Ẹni tó dìbò tí ẹni tirẹ̀ kò wọlé ṣì lè dúró níwájú ẹni tó wọlé kí ó béèrè ọ̀rọ̀. Ẹni tó jókòó sílé, kí ni yóò sọ?

Ní ọdún kẹwàá yìí, mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa. A ti ń sin òkú papọ̀, a ti ń ṣe ìyàwó papọ̀, a ti ń dá aṣọ. Ẹgbẹ́ Fúnmiláyọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí a tó dé ìdìbò ọdún 2027, ẹ jẹ́ kí a fi nǹkan mẹ́ta kún un. Kí olúkúlùkù wa wá káàdì rẹ̀ kí ó sì fi í hàn ní ìpàdé, kí ẹni tí kò ní lọ gbà á ní Igbókòdá. Kí ẹgbẹ́ san owó ọkọ̀ ẹni tí kò bá ní. Kí ẹni tí ibùdó ìdìbò rẹ̀ ti sọ nù sínú òkun lọ béèrè lọ́dọ̀ àjọ INEC nígbà tí àsìkò ṣì wà, kí ó má dúró di àárọ̀ ọjọ́ ìdìbò. Lọ́jọ́ ìdìbò fúnra rẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì ya wákàtí díẹ̀ sọ́tọ̀ láti gbé àwọn ìyá àti bàbá wa tó ti dàgbà lọ kí wọ́n sì gbé wọn padà, ẹni yòówù kí wọ́n fẹ́ dìbò fún. Kí a fún wọn ní aṣọ agbéniléfòó, kí a máa tu ọkọ̀ jẹ́ẹ́.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ pé láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ó ti ń yan ẹja. Ojú rẹ̀ ti ń ṣòkùnkùn nítorí èéfín. Ní ìdìbò tó kọjá, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ìsinmi, ó jókòó sí ẹnu àtẹ̀gùn etí omi láti àárọ̀, ó ń retí ọkọ̀. Gbogbo wa kọjá lọ síbi iṣẹ́ wa. Kò sí ẹni tó dúró gbé e. Nígbà tó di ọ̀sán, ó bọ́ aṣọ, ó padà sí ìdí ààrò. Èmi náà wà lára àwọn tó kọjá. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìtàn Fúnmiláyọ̀ kí n lè kọ ìwé yìí, ìyá náà ni mo ń rí. Nígbà mìíràn, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí wa sí, ọkọ̀ mi ni yóò kọ́kọ́ dé ẹnu àtẹ̀gùn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run tẹ́ Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti gbogbo àwọn ìyá tó bá a jókòó mọ́jú sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa dàgbà kí ó dogbó, kí omi má gbé wa, kí iná má jó wa, kí a sì jọ pàdé nígbà ogún ọdún. Ẹ kú ọdún o.